Àdàpè

Sàláwù telò tó wà ní Yemẹtu ló bẹ̀ mí níṣẹ́:
"Bá mi ṣe èdè kan tí fóònù mi yóò gbọ́,
kí n yéé kọ òǹkà kan náà nígbà ogójì lójúmọ́.
Bí mo bá ti kọ apa, kó ti mọ̀ pé
gígùn mẹ́rìnlélógún ni, fífẹ̀ méje."
Mo ní kò le. Ẹnu mi ló yá.

Ní yàrá mi ní Agbowó
mo kọ́kọ́ ṣe agé-ọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ kékeré
tó ń ka ìlà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
tó ń gé e ní ègé-ègé kó tó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀,
atògbólóhùn, tí kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí.

Lóru àkọ́kọ́ mo ṣe é bí ọ̀lẹ:
níbi tó bá ti rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn, kó pààrọ̀ wọn.
Ilẹ̀ mọ́. Sàláwù, tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀,
kọ àdírẹ́sì oníbàárà kan: apata, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo.
Èdè mi dáhùn pé obìnrin náà ń gbé ní
gígùn mẹ́rìnlélógún, fífẹ̀ méje, ta,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo.
Sàláwù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lé aṣọ aláṣọ.

Mo padà sílé. Mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi pé
gé e tán ná, kó o tó pààrọ̀.
Ìdajì orúkọ kì í ṣe orúkọ.
Èyí tó bá sì wà láàárín àmì àyọlò,
ẹnu ẹlẹ́nu ni, má fọwọ́ kàn án.

Ìyá bàbá mi ni mo ń rántí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.
Ní Òkè-Ààrẹmọ, fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
kò pe ẹnikẹ́ni nílé ọkọ rẹ̀ lórúkọ.
Láníhún, Onígíláàsì ni.
Bí ó bá ti ní "Onígíláàsì ń bọ̀ o",
gbogbo wa ti gbọ́ ìró bàtà, òórùn sìgá,
àti gbèsè ọdún tó kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ́ àtẹ: àdàpè lósì, ìtumọ̀ lọ́tùn-ún.
Bí agé-ọ̀rọ̀ bá pàdé àdàpè, yóò fi ìka há ojú ìwé,
yóò ṣí ìtumọ̀, yóò kà á bí ẹni pé
ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀;
bó bá tún pàdé òmíràn nínú ìyẹn, ìka mìíràn,
kó tó wá máa padà, ìka kan tẹ̀lé ìkan,
títí dé ibi tó ti yà.

Ó ṣiṣẹ́. Mo mu gàárì lé e.

Àfi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí fáànù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.
Sàláwù ti kọ ọ́ sí àtẹ:
buba, ìdajì iro. Iro, buba méjì.
Ta ni Onígíláàsì, Màmá? Ọkọ Eléyín-wúrà.
Ta wá ni Eléyín-wúrà? Ìyàwó Onígíláàsì,
àbí o ò gbọ́ ni?
Ìka tán lọ́wọ́ agé-ọ̀rọ̀. Bátìrì mi ti kú láti èṣín;
nígbà tí iná lọ, mo dúpẹ́.

Inú òkùnkùn ni mo ti rántí ṣọ́ọ̀kì Sàláwù:
aṣọ tó bá ti wà lẹ́nu àlùmọ́gàjí, ó ti sàmì sí i,
ẹnikẹ́ni kì í gé e lẹ́ẹ̀mejì.
Mo sàmì sí àdàpè tó bá ṣí sílẹ̀.
Bó bá tún yọjú nínú ìfun ara rẹ̀,
kó kọjá lọ ní orúkọ lásán.
Bí ìtumọ̀ bá parí, nu ṣọ́ọ̀kì kúrò.

Ó ku ẹyọ kan.
Àgbàrá-ò-gbé ni Màmá máa ń pè mí.
Àgbàrá wo? Ìyá mi ní lọ́dún tí wọ́n bí mi
òjò ò tilẹ̀ pọ̀. Láníhún ti kú.
Eléyín-wúrà mi orí, ó ní kí n jẹun.

Láàárọ̀ yìí mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí n fi dán an wò.
Agé-ọ̀rọ̀ wá inú àtẹ láti òkè délẹ̀. Kò sí.
Kò pariwo, kò ní àṣìṣe ni.
Ó gbé e kọjá lódindi, bó ṣe bá a.
Àgbàrá-ò-gbé.